Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mojeed

Kí ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ọkọ̀ tó ṣe jàǹbá? A mọ̀ pé awakọ̀ á ní òun ò sáré. A mọ̀ pé ọlọ́pàá á ní ó sáré. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé àpótí kékeré kan wà lábẹ́ àga àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn, tó máa ń tọ́jú iye eré tí ọkọ̀ sá ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ṣáájú jàǹbá. Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ni, ní Ogudu, lọ́dún 2007.

Karimot ló gbé èyí tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ Mojeed wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọláìyá, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mojeed ọkọ rẹ̀ ti fi ọkọ̀ gbá obìnrin kan pa ní Alápẹ̀rẹ̀. Òun náà wà ní ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò mira. Ó ní ogójì lòun ń sá. Tí àpótí bá gbè é, kò ní ṣẹ̀wọ̀n.

"Ọ̀gá Rewáyà, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Ọláìyá fi wáyà so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n dúró.

Ogójì.

"Mo sọ fún wọn!" Karimot pàtẹ́wọ́. "Ọkọ mi tí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ń yà sílẹ̀!"

Ọláìyá tún un kà, kó lè kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Ha. Máìlì ló kọ́kọ́ kà nìyẹn. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ogójì máìlì, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kìlómítà. Ọ̀kan náà ni."

Àlàyé yẹn dáa. Ẹnikẹ́ni á gbà á. Ó tún un kà.

Àádọ́rùn-ún.

Jẹnẹrétọ̀ ìta dákẹ́. Òórùn táyà tó ń jó gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ yọ wáyà yẹn!"

"Mo ti yọ ọ́, Mummy." Ó gbé orí wáyà sókè kó rí i.

Lójú kọ̀ǹpútà, iye náà ṣì ń gòkè. Àádọ́fà.

Fóònù Karimot dún. Nọ́ọ̀sì Bridget ni, láti ọsibítù.

"Mummy, ẹ máa bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Daddy ti mira."

"Alhamdulillah!"

"Rárá, ẹ gbọ́. Ó ń fi í tẹ irin bẹ́ẹ̀dì. Irin ti wọ́. Ó ń pariwo pé kí obìnrin yẹn kúrò lọ́nà."

"Ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò!"

"Àwa mẹ́ta la ń fà á. Kò gbé."

"Mojeed! Gbé ẹsẹ̀!" Inú àpótí ló pariwo sí, kì í ṣe inú fóònù.

Ogóje.

Ọláìyá gbé bírò sórí ìwé.

"Mummy, èwo ni kí n kọ?"



Ní ìrọ̀lẹ́ òní, tí ẹ bá ti pa ọkọ̀ yín, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo aago tó ń ka iye eré ọkọ̀, tó wà níwájú yín. Ẹ wò ó bóyá orí òdo ni ọwọ́ rẹ̀ wà.