Ọwọ́ Tí Ń Ti Ẹnu Epo

Adébíyìí mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí nínú ilé wa ní Òkèrèwè, ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún 1996 ń parí lọ, nígbà tí ọyẹ́ ti ń la ètè ènìyàn. Kì í ṣe ẹni tí ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìtàn bá ti ń kọjá ohun tó fojú rí tàbí tó fọwọ́ kàn, á ní, "Ibẹ̀ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n," á sì dákẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, Nọ́ọ̀sì Tinúadé ti alùpùpù kan dé ìsọ̀ Adébíyìí ní Òkè-Ogbò. Gbogbo àdúgbò ló mọ màṣíìnì yẹn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n ti ṣe é kí òmìnira tó dé. Táńkì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, inú ikùn sì ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde wá, bí ohùn àgbàlagbà tó jẹun yó. Ọdẹ́wálé, bàbá Tinúadé, ló ni ín. Ọdẹ ni, ó sì kú nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Tinúadé nìkan lọmọ tó bí, òun ló sì jogún màṣíìnì náà. Láti oṣù kẹjọ ló ti ń gùn ún lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìpetumodù, níbi tó ti ń gbẹ̀bí fún àwọn aya àgbẹ̀. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀ lásìkò òjò.

Ohun tó kọ́kọ́ ya Adébíyìí lẹ́nu ni pé màṣíìnì náà kò ṣàìsàn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló wá ń ṣe é?"

"Ó ń kú."

"Níbo?"

Tinúadé wolẹ̀ díẹ̀. "Ojú kan náà ni, Bọ̀dá. Lójú ọ̀nà abà, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti yà wọ igbó. Bí mo bá ti débẹ̀, á dákẹ́. Kì í já, kì í wúkọ́. Á kàn rọra dákẹ́ bí ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ."

"Bí ẹ bá ń bọ̀ ńkọ́?"

"Kì í ṣe é tí mo bá ń bọ̀."

Adébíyìí rẹ́rìn-ín. "Màṣíìnì tó mọ̀nà. Ẹ tà á fún mi, kó máa bá mi jíṣẹ́."

Tinúadé kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un nípa Fàrídà, obìnrin kan ní ọ̀kan lára àwọn abà náà, tó ti bí òkú ọmọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìrànlọ́wọ́ kò tètè dé. Ó tún ti lóyún, oyún náà sì ti gbó. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Màṣíìnì ni mò ń tì nínú ẹrẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọlọ́run ló bá wa dá a dúró. Mo ti ṣèlérí fún un pé ọwọ́ mi ni yóò bí i sí. Bí eléyìí bá wá kú lọ́jọ́ ìrọbí..."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Adébíyìí yóò mọ ìdí tí obìnrin náà fi gbé e tọ̀ ọ́ wá. Àwọn mìíràn á tú gbogbo ara màṣíìnì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á pààrọ̀ eléyìí, wọn á pààrọ̀ tọ̀hún, bó bá sì wá ṣiṣẹ́, wọn kò ní mọ èwo ló jẹ̀bi. Adébíyìí kì í fọwọ́ kan nǹkan kejì títí yóò fi dá àkọ́kọ́ láre. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó wo ẹnu rẹ̀: ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí awọ obì gbígbẹ, bó ṣe yẹ kó rí. Ó dá a láre. Ó yẹ ihò kékeré tí táńkì fi ń mí lórí ìdérí rẹ̀ wò. Ìyẹn náà là. Lẹ́yìn náà ló tú kabúrétọ̀, ọ̀fun màṣíìnì, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí iná tó gbà wọ́n. Ó ri fulóòtì rẹ̀, èyí tó ń léfòó lórí epo, bọ omi gbígbóná bóyá yóò hó láti inú ihò kan, kò hó. Ó fi kẹrosíìnì fọ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò tóóró tí epo ń gbà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó gbé e sójú oòrùn: ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó rí roboto. Kò sí ìdọ̀tí, kò sí omi. Ó to gbogbo rẹ̀ padà.

"Bó bá tún kú," ló sọ fún Tinúadé, "ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ tú ìdè kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ yìí, kí ẹ wò ó bóyá epo á kán."

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi padà dé.

"Ó gbẹ, Bọ̀dá. Ẹ̀kán kan kò jáde."

"Táńkì ńkọ́?"

"Ó kún dé ọrùn."

Adébíyìí tẹ̀ ba, ó nawọ́ kan irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ táńkì, èyí tí wọ́n ń yí láti ṣí epo tàbí láti tì í. "Ẹ wo ẹnu epo yìí?"

Ohùn Tinúadé lọ sílẹ̀. "Mo wò ó. Títì ni mo bá a."

"Ẹ̀yin lẹ tì í?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lórí ọwọ́ màṣíìnì. Ta ló máa bá mi tì í?"

Adébíyìí ní gbígbọ̀n màṣíìnì lójú ọ̀nà ló ń yí i. Ó ṣí ẹnu epo, ó fi wáyà bàbà dè é mọ́ ara táńkì, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò gùn ún, kí Tinúadé jókòó sẹ́yìn òun. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kọjá Ìpetumodù. Oòrùn mú, koríko etí ọ̀nà kò mì. Màṣíìnì ń lọ geerege.

Wọ́n yí kọ́nà kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, òórùn áṣáà sì gba imú Adébíyìí. Áṣáà tútù, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Nígbà náà ni nǹkan kan gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ kọjá lọ sábẹ́ táńkì, ó tutù bí ara àmù. Kò yára, kò fipá. Ó ní bí ọwọ́ ẹni tó mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà ló rí. Kò lè wo ìsàlẹ̀.

Màṣíìnì ṣì ń lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ga díẹ̀, bí ohùn ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó wá dákẹ́. Wọ́n yí lọ láìsí ariwo, wọ́n sì dúró gẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà igbó.

Ẹnu epo ti wà ní títì. Wáyà bàbà kò já. Ẹnì kan ti tú u, ó ká a roboto, ó fi kọ́ ọwọ́ màṣíìnì.

Tinúadé sọ̀ kalẹ̀. Ó wo wáyà náà pẹ́. "Bí Bàbá mi ṣe máa ń ká wáyà pàkúté nìyẹn," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ibí ló ti máa ń ṣọdẹ?"

"Ibí ni. Kọ́nà tí a kọjá yẹn ló ti máa ń fín áṣáà, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń ti ẹnu epo. Á jẹ́ kí màṣíìnì mu èyí tó kù ní ọ̀fun rẹ̀ títí tá á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ níbí. Ó ní ariwo tó bá gé lójijì ló ń ta ẹran jí, èyí tó bá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ kì í dẹ́rù bà wọ́n."

Adébíyìí kò lè ṣe kó má yin òkú náà. Láti kọ́nà yẹn dé ibi tí wọ́n dúró, ìwọ̀n epo inú kabúrétọ̀ ni, kò lé, kò dín. Òun tó ti ń tú kabúrétọ̀ láti ìgbà èwe kò lè ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé Bàbá Àtàndá, àbúrò Ọdẹ́wálé, ní Ìpetumodù ni wọ́n gbà lọ. Òun ni olórí àwọn ọdẹ tó ṣe ìsípà olóògbé, ètùtù tí ọdẹ fi ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ tó kú, kí ó má bàa máa bá alààyè ṣọdẹ mọ́.

"Bàbá, kí ni ẹ gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà?" Adébíyìí bi í.

"Ìbọn. Àdá. Àpò. Fìlà, àti àtùpà orí."

"Màṣíìnì ńkọ́?"

Bàbá Àtàndá bú sẹ́rìn-ín. "Màṣíìnì? Èyí tí tíṣà ń gùn lọ síléèwé? Ṣé kí n wá ki oríkì màṣíìnì láàárín ọdẹ ni?"

"Òun ló ń gbé wọn lọ sígbó, Bàbá."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu arúgbó díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ lòun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wọ igbó ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Kò sí ẹni tó rò ó. "A gba ọwọ́ rẹ̀," ó ní, "a gba ojú rẹ̀. A gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di dandan kó wọ igbó. Ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ fún òkú, alààyè kì í gùn ún mọ́."

"Bàbá," Tinúadé ní, ó ti kúnlẹ̀, "bí ẹ bá gbé e wọ igbó, ọmọ Fàrídà lẹ gbé lọ yẹn."

"Èmi kọ́ ló dá a sílẹ̀, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣèlérí."

Adébíyìí ló wá dá sí i. "Bàbá, mo ní kabúrétọ̀ mìíràn tó lè bá a mu, láti ara èyí tó ti bàjẹ́. Bí mo bá yọ ti Bàbá Ọdẹ́wálé fún yín ńkọ́?"

"Bí o bá yọ ọ́, ṣé yóò lè mí?"

"Kò lè mí."

"Ó kú nìyẹn?"

"Ó kú, Bàbá."

Arúgbó náà rò ó. "Òkú fún òkú. Èyí tí o bá fi ọ̀fun mìíràn sí, màṣíìnì mìíràn nìyẹn, kò bá ẹ̀gbọ́n mi tan." Ó yíjú sí Tinúadé. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ kò ní gbé ọ jókòó nítorí ètùtù yìí?"

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dé, Bàbá. Wọn á bá mi nílé."

Lọ́jọ́ kejì, Adébíyìí mú kabúrétọ̀ kejì dé láti ìsọ̀ rẹ̀, ó yọ ti Ọdẹ́wálé, àwọn ọdẹ sì gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ náà wọ igbó. Bàbá Àtàndá ní kí Adébíyìí rọ epo díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbéra, nítorí pé a kì í fi ebi rán ènìyàn lọ sọ́nà jíjìn. Adébíyìí de èyí tuntun mọ́ màṣíìnì. Ó yí ìdè afẹ́fẹ́ rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń dẹ etí sí i, títí ohùn rẹ̀ fi dúró déédéé. Ohùn mìíràn ni. Ó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀.

Kò tíì nu ọwọ́ tán nígbà tí ìránṣẹ́ dé láti abà. Ìrọbí ti mú Fàrídà láti àárọ̀.

Tinúadé ló gùn ún. Adébíyìí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú sukudiráfà lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Wọ́n yí kọ́nà ilẹ̀ pupa. Òórùn áṣáà tún dé. Ó rí i bí èjìká Tinúadé ṣe le, ṣùgbọ́n kò dẹ ọwọ́ iná. Ohùn màṣíìnì kò yí padà. Ẹnu ọ̀nà igbó dé, ó sì kọjá.

Ìgbà náà ni ariwo kan gbéra lẹ́yìn wọn. Adébíyìí ní bí òun bá gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ̀rún, òun yóò mọ̀ ọ́n: ohùn inú ikùn yẹn, ti àgbàlagbà tó jẹun yó. Kò tẹ̀lé wọn. Inú igbó ló forí lé, níbi tí kò sí ọ̀nà tí táyà lè gbà, ó ń lọ geere láàárín àwọn igi, títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Bọ̀dá, ẹ má wẹ̀yìn," Tinúadé ní.

"N kò wẹ̀yìn."

"Ó dàbọ̀ o, Bàbá," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó sì tẹ iná sí i.

Fàrídà bí obìnrin, ọmọ náà sì ké kí oòrùn tó wọ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1996.