Lẹ́yìn Kọ́tìnnì Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

Orí àkàbà ni ọmọbìnrin akunlé kan wà, ó ń kun iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, nígbà tó bojú wolẹ̀ tó sì rí ọkùnrin tó ń fọ irun obìnrin. Ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Arẹwà, ṣé ògiri lẹ fẹ́ kùn ni àbí irun yín?"

Ọ̀dà funfun ti bo iwájú irun akunlé. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Onídìrí ni ọkùnrin yìí, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ fi akunlé ṣaya. Àmọ́ owú, ẹ̀yin èèyàn mi! Arẹwà tó ń pe òun náà ló ń pe arúgbó, òun ló ń pe ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Bàbá rẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn, ti bá obìnrin mìíràn lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Látìgbà náà, ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ dídùn, òpùrọ́ ni létí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ohùn bàbá òun lòun ń gbọ́. Ó rò pé òun kàn lóye ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì ló ti gbọ́ ohùn olólùfẹ́ rẹ̀: "Ẹ má sunkún mọ́. Àwa méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n." Ẹnì kan fọn imú. Akunlé ò dúró ká kọ́tìnnì, ó yí padà, ó gba ilé lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó bi í pé ta ló ń sunkún lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó ní oníbàárà kan ni, ó sì ti bẹ òun pé kóun má dárúkọ rẹ̀.

"Bí bàbá mi ṣe máa ń wolẹ̀ náà nìyẹn," ni akunlé wí. "Má wá mi wá mọ́."

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohun tó fà á, ó ṣí ìborí rẹ̀. Àárín orí ti pá.

"Èmi ni," ni ìyá wí. "Mo lọ wò ó bóyá alágbèrè ni, torí èmi náà ti dá a lẹ́bi kí n tó rí i. Irun mi tó ń já ló rí. Ojú tì mí, mo ní kó má sọ fún ọ. Kò tú mi fó, kódà nígbà tó fẹ́ pàdánù rẹ. Ọmọ mi, èmi ni ejò bù jẹ, ìwọ lo wá ń sá fún ekòló."

Akunlé bá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ọ," ó ní. "Owú á tún jẹ mí."

"Kó jẹ ọ́, olólùfẹ́ mi. Ṣáà máa bi mí."

"Mo bi ọ́, o ò dáhùn."

Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Tí mi ò bá tún lè dáhùn ńkọ́?"

"Màá jókòó tì ọ́, màá máa jowú. Mi ò ní lọ."

Níwájú ẹbí ni wọ́n ti ṣègbéyàwó lẹ́yìn náà, àmọ́ lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di tọkọtaya.