Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọládiméjì

Ìjókòó kejì nínú ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ mú kí ara fu mí. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, oòrùn kò tíì wọ ọgbà wa ní Sùúrùlérè, tàpólì ṣì wà lórí ọkọ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi bò ó lánàá. Mo ká a kúrò kí n lè bá a nu eruku inú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìjókòó dírẹ́bà, ó tutù. Mo fọwọ́ kan èkejì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ sì ń jáde níbẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń kó sáàárín aṣọ nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó ń lo káńfọ̀ nílé wa.

Ṣùbòmí lorúkọ mi. Díẹ̀ ni Ọládiméjì, ẹ̀gbọ́n mi, fi jù mí lọ, nítorí náà n kì í sọ "ẹ" fún un, àfi bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yábàá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ni ìyàwó tó fẹ́. Ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì ni, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ó sì dàgbà ju àwa méjèèjì lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti rí i, nínú ọgbà olóògbé kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà Akínyẹlé. Bàbá náà kú láìbímọ, àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá ta ilé ló ta ọkọ̀ náà fún un. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń họ ìpẹtà, tó ń fọ kábúrétọ̀, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu ibi tí ìka kò lè wọ̀. Bó bá fẹ́ ìyàwó gidi, n kò rò pé yóò tọ́jú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá tiwa, Morákinyọ̀, wà láàyè. Kí n tètè sọ ìyẹn. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, iṣẹ́ fọkanáísà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń lẹ táyà, wọ́n ń fi atẹ́gùn sí i, lábẹ́ bíríìjì ní Ìjọ́ra. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán wa níwèé, àwọn nìkan, torí ìyá wa ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Dúdú rọ́bà kì í kúrò lábẹ́ èékánná wọn. Ohun tí Ọládiméjì kì í sì í fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí nìyẹn.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú òwúrọ̀ yẹn, a gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá kan tí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ti máa ń pàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi tirẹ̀ hàn wọ́n nìyẹn. Olúkúlùkù ń sọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní bàbá òun ló kó tòun wálé láti òkè òkun, ẹlòmíràn ní ti bàbá bàbá òun ni. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá mi ló ni ín," ó ní. "Àwọn ló fi í sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti lọ."

Olóyè Ayọ̀kànmí, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ṣí fìlà. "Kí lorúkọ wọn?"

"Akínyẹlé, sà."

Olóyè gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Akínyẹlé, ọmọ rẹ rèé o. Ó ń tọ́jú ohun tí o fi sílẹ̀. Ọlọ́run yóò tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ẹnu Yorùbá kì í gbọ́ àdúrà kó dákẹ́. Àmín ti jáde kí n tó rántí pé bàbá mi tó wà láàyè ni wọ́n ń sin. Ojú tì mí, mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Ìgbà yẹn ni fèrè ọkọ̀ náà dún lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú, bí ẹni tó dáhùn ìpè.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wáyà ló kanra. Ọládiméjì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé kò tíì so fèrè mọ́ ọkọ̀ náà. Inú páálí ló wà, lábẹ́ tábìlì tí a ti ń jẹun.

Bàámi pe Ọládiméjì lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí mo rí i pé ìjókòó gbóná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn ketekete. "Ọládiméjì, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Hẹ̀lóò? Ta ni?" Ó wo fóònù, ó tún gbé e sétí. "Ẹ sọ̀rọ̀ o." Nígbà tó yá, ó gé e. "Ẹni yẹn ò sọ̀rọ̀." Mo wò ó bóyá ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n kò ṣeré.

Ní Mọ́ńdè, mo yà ní Ìjọ́ra. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan ti sọ̀ kalẹ̀, táyà rẹ̀ kan ti rọ̀. Bàámi dúró síwájú rẹ̀, páǹpù wà lọ́wọ́ wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Fọkanáísà ibí yìí dà?"

"Èmi rèé," Bàámi dáhùn.

Ọkùnrin náà họ orí, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bàámi fi ẹ̀rín bò ó. "Láti ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ń ṣe mí báyìí. Ó jọ pé mo ti ń gbó kúrò lójú ayé."

Mo fẹ́ sọ fún wọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé, a ti rán yín lọ sọ́run, mo sì ṣe àmín sí i? Mo bá wọn kó irinṣẹ́ wọlé, mo sì lọ.

Nílé, mo kò Ọládiméjì lójú. "Lọ bá àwọn èèyàn rẹ. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ wà láàyè. Dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi lójú gbogbo wọn, kó tó pẹ́ jù."

Inú ọkọ̀ ló jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ òsì lé sítíárìn, ó gbé ọ̀tún sórí ìjókòó kejì, bí ẹni gbé ọwọ́ lé orúnkún ẹbí rẹ̀. "Ojú á tì mí, Ṣùbòmí."

"Kí ojú tì ọ́. Bàámi ló ń parẹ́ yẹn."

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ìjókòó náà. "Olóyè àtàwọn yòókù ń bọ̀ wá wo pẹ́ńtì ọkọ̀ ní Sọ́ńdè. Ní kí Bàámi wá. Màá sọ ọ́ níwájú wọn." Inú mi dùn, mo sì gbà á gbọ́.

Ní Sọ́ńdè, Bàámi wọ bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Wọ́n gbé páǹpù dání, nítorí wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe táyà ọkọ̀ ọmọ wọn. Ẹ̀bùn tí wọ́n ní nìyẹn. Olóyè Ayọ̀kànmí àti àwọn yòókù yí ọkọ̀ ká, igò mínírà wà lọ́wọ́ wọn. Olóyè wo ẹnu ọ̀nà tí Bàámi gbà wọlé, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí èéfín kó sí lójú.

"Ta nìyẹn? Ṣé ẹ ránṣẹ́ pe fọkanáísà ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Mo rí i, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ sì rọra ṣí fúnra rẹ̀, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ọgbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. "Ó wá wo táyà."

Àtẹ ife wà lọ́wọ́ èmi náà. Ẹnu mi kò dí. Mo lè sọ pé bàbá wa ni. Mo wo Olóyè, mo wo aṣọ olówó ńlá ọrùn gbogbo wọn, mo sì dákẹ́.

Bàámi ká apá bùbá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi atẹ́gùn sí táyà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn tó ṣí, wọ́n gbójú sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹni tí n kò rí. Mo sún mọ́ wọn.

"Ó ní kí n má bínú," wọ́n sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní òun ò bímọ rí."

"Ta ni, Bàámi?"

Wọ́n wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó gbàgbé orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n tẹrí ba díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ó ti parí, sà. Ẹ máa rọra wà á." Wọ́n sì jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọládiméjì. Ó figbe ta: "Bàbá mi nìyẹn! Bàbá mi gan-an nìyẹn!"

Olóyè wo ẹnu ọ̀nà, ó wò ó. "Bàbá wo? Ta ló wá síbí?"

A kò dúró ṣàlàyé. A kó sọ́kọ̀ láti lé wọn bá. Ìjókòó méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo jókòó síbi tó gbóná, ó sì rí lára mi bíi pé itan ẹnìkan ni mo jókòó lé, àgbà tó rù, tó ń rọra mí sí mi lẹ́yìn ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó títí a fi dé Ìjọ́ra.

Bàámi ti wà lábẹ́ bíríìjì, wọ́n ń nu páǹpù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀ tí ọ́ìlì ti dà sí, níṣojú àwọn awakọ̀. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàámi, ẹ dárí jì mí. Èmi Ọládiméjì ni. Ọmọ yín ni mí."

Wọ́n yára gbé e dìde, wọ́n ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Dúdú rọ́bà ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. "Ẹ dìde, sà, ẹ ó ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ ṣì mí mú ni. Èmi ò bímọ rí."

Lẹ́yìn wa, nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni, fèrè dún lẹ́ẹ̀kan. Bàámi wo ọ̀kánkán ìjókòó kejì, ojú wọn tú ká, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni rí ojúlùmọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi kí bàbá yín."

Ẹnu mi, ẹnu burúkú yìí, ti dáhùn kí n tó ronú. "Wọ́n á gbọ́, sà," mo ní.