Ojú Ìwé Kìíní

"Nọ́ọ̀sì! Jọ̀ọ́, wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Ọmọbìnrin náà pòṣé nínú yàrá. "Màmá, ẹ tún ti dà á rú mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ó jáde, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìyá rẹ̀ aránṣọ, ó padà sídìí ìwé, ó sì ṣí i padà sí ojú ìwé kìíní. Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Ó gbà pé ìwé téèyàn dá dúró lágbede méjì kì í dúró lórí, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Kò tíì di nọ́ọ̀sì o. Ìyá rẹ̀ ló kánjú sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdánwò ìwé àṣẹ ṣì wà níwájú, ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé wọn sì ti fi àyè iṣẹ́ sílẹ̀ dè é di ìparí ọdún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, tí wọ́n jọ jáde nílé-ẹ̀kọ́, wá kí i. "Oṣù méjì ni mo fún ara mi. Mo ti mú ọjọ́ ìdánwò mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Oṣù méjì kẹ̀? Pẹ̀lú ìwé tó nípọn báyìí? Oṣù mẹ́fà ni tèmi."

"Háà! Ṣé o fẹ́ kà á ni, àbí o fẹ́ bá a ṣègbéyàwó?"

Kíákíá ṣe tirẹ̀, ó yege. Nọ́ọ̀sì sún tirẹ̀ síwájú títí ọdún fi fẹ́ẹ̀ parí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n bi í léèrè nípa egungun àti ẹ̀jẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìbéèrè kò ó lójú nípa obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àti ọmọdé tí gìrì gbé. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Ẹ̀yìn ìwé nìwọ̀nyẹn wà.

Ó fìdí rẹmi. Ilé ìwòsàn gba ẹlòmíràn. Bó ṣe ń sunkún, ìyá rẹ̀ mú ìwé náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bíi pé aṣọ ni. Iwájú rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

"Ibí yìí ṣì tuntun," ni ìyá náà wí. "Ṣé wọn ò kọ́ yín débẹ̀ ni?"

Ìtìjú bò ó. "Màmá, ẹ má pè mí ní Nọ́ọ̀sì mọ́ ná."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ mú ọjọ́: oṣù méjì péré. Ẹ̀yìn ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á ṣẹ́ etí ojú ìwé tó wà, á dá a lóhùn, á sì padà síbi tó kà á dé.

Nígbà tí èsì jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nítòsí ti lọ, ibi tó jìnnà ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, ó sì dùn ún.

"Màmá, ẹ lè máa pè mí báyìí."

Ìyá náà ju aṣọ sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì mi o!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé oṣù mélòó lẹ fi jókòó ti ìwé. Ibi tí ẹ ò kà dé ni wọ́n máa bi yín.