Ohùn Inú Páìpù

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá sílé wa ní Muṣin, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Kó ṣí ẹ̀rọ omi. Á ṣàn. Kó wá ní kí n wá dúró tì í. Ojú ara ẹ̀ ló máa fi rí i.

Púlọ́mbà ni mí. Èmi ni mo kọ́ Theophilus níṣẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò mọ̀ pé omi kì í dá gòkè. Òun yìí náà ni Màmá Ethel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpọ̀nrí, wá gbéṣẹ́ fún: kó fa omi ìsun orí òkè wọ ilé wọn lábúlé. Kò ní gba iná, kò ní gba jẹnẹrétọ̀. Omi á kàn máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ wá sínú táǹkì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kálọ. Ẹ wá máa tọ́ mi sọ́nà."

"Mo ti dọmọṣẹ́ ẹ nìyẹn, Ọ̀gá Theo."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé e, kí n lè wà níbẹ̀ tó bá bà á jẹ́.

Kò bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, páìpù ti so pọ̀ látòkè délẹ̀, ó gún régé. Owú wọ̀ mí dé eegun.

Ká tó tú omi sí páìpù tuntun, ohùn la fi ń dán an wò. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ sí i lókè, ẹnì kejì á gbé etí sí i nísàlẹ̀. Tó bá gbọ́, páìpù ò dí nìyẹn. Èmi náà ni mo kọ́ ọ.

Mo dúró lókè. Theophilus ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ọ̀sán gangan ni. Ẹyẹ kan ò ké. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹnu kan páìpù, mo rọra sọ ọ́:

"Omi ò ní ṣàn fún ẹ."

Páìpù mí sí mi létè. Ó tutù.

"Mo gbọ́."

Mo gbójú sókè. Theophilus ò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Fìlà funfun ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàrin koríko. Kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀.

Ohùn tó sì dá mi lóhùn, ohùn mi ni.

Omi ṣàn. Ó mọ́ bíi dígí. Màmá Ethel ṣàdúrà fún Theophilus títí. Mo ṣe àmín.

Àtìgbà yẹn, ẹ̀rọ tí mo bá ti dúró tì, gbígbẹ ni. Ní Ìlúpéjú, táǹkì kún dẹ́nu, ẹ̀kán kan ò jáde. Mo bọ́ sí títì. Mo gbọ́ tó ń tú yàà lẹ́yìn mi. Theophilus làwọn kọsítọ́mà mi ń pè báyìí. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ yá. Wọn ò mọ̀ pé kí n kúrò níbẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe ọ̀hún.

Abigail ìyàwó mi ò tiẹ̀ bínú mọ́.

"Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó níta. Mo fẹ́ fọ abọ́."

Láàárọ̀ àná, mo dúró kí gbogbo wọn jáde tán. Mo tú ẹ̀rọ ilé ìdáná, mo fẹnu sí páìpù.

"Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Jọ̀ọ́, kó máa ṣàn."

Páìpù mí. Láti ọ̀nà jíjìn réré, ohùn mi dáhùn:

"Ta nìyẹn?"