Ọkùnrin Tí Kì Í Dáhùn Kó Tó Gbẹ́lẹ̀

Ẹrẹ̀ ti yí ọkùnrin náà dé ìgúnpá méjèèjì lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin birikìlà kọ́kọ́ rí i. Ó dúró níwájú ààrò oníná tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn, ó ń to agolo amọ̀ mẹ́fà sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbé wọn sórí òṣùwọ̀n?"

"Wọn ò tíì gbẹ."

"Tí wọ́n bá gbẹ tán, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ iye omi tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀?"

Ó ronú títí. Ẹnu ń yún ọmọbìnrin náà láti bá a dáhùn. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó agolo náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣé o, Ìyá Òṣùwọ̀n."

Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin yìí ti ń pè é ní Ìgbín.

Ó ku díẹ̀ kó bú sẹ́kún nígbà tí olùkọ́ wọn pín kíláàsì sí méjì-méjì, tó sì pa òun àti Ìgbín pọ̀. Ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n yà sórí ìwé, bí ẹni pé wọ́n máa kọ́ ọ sórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ méjì ni ọmọbìnrin náà fi parí ẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó wo iye ẹrù tí amọ̀ líle lè gbé, ó pín in sí mẹ́ta kí ewu má baà sí, ó ya ìpìlẹ̀ náà.

"Ta ló sọ fún ọ pé amọ̀ líle ló wà níbẹ̀?" Ìgbín bi í.

"Ìwé ló sọ ọ́!"

"Ẹni tó kọ ìwé náà ò dé pápá yìí rí."

"Ìgbín, jọ̀ọ́, má fi àsìkò mi ṣòfò."

Ó fi orúkọ àwọn méjèèjì sí i, ó sì lọ fi í sílẹ̀ fún olùkọ́. Ọjọ́ kẹta, ìwé náà padà dé. Òdo ràgàjì ló wà lórí ẹ̀, bírò pupa sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ṣé ẹ gbẹ́ ibẹ̀ ni?*

Ó ń retí kí Ìgbín sọ pé, "Ṣé o rí i, mo wí fún ọ." Ṣọ́bìrì méjì ni Ìgbín lọ yá wá.

Wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún gbẹ́ pápá náà. Nígbà tí wọ́n kọjá mítà méjì, amọ̀ líle tán, ilẹ̀ rírọ̀ tí omi kún inú rẹ̀ ló kù. Ká ní wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn yẹn lóòótọ́ ni, tòun ti aláìsàn ni ì bá rì. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́nu ihò, ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé láti àárọ̀, òun ò tíì bínú sí i rárá. Ìyẹn gan-an wá bí i nínú.

Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n yege. Nígbà tí sáà parí, ó mú Ìgbín lọ sílé lọ fi han bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wo àlejò náà látòkè délẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́lé, kò sì kí i káàbọ̀ tán tó fi nawọ́ sí ògiri pálọ̀, níbi tó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Onímọ̀ ẹ̀rọ, kí ló ń la ògiri yìí? Ọdọọdún ni mò ń fi sìmẹ́ńtì dí i."

"Mi ò mọ̀, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Odidi ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́! Ọmọ mi, eléyìí lo fẹ́ tẹ̀ lé?"

"Sọ nǹkan!" ọmọbìnrin náà rọra kùn sí i létí. "Sọ ohunkóhun, jọ̀ọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò, sà."

"Gbẹ́ ẹ. Bí o ò bá rí nǹkan kan, má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́."

Ìgbín bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gbẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó fọwọ́ tẹ amọ̀, ó tún gbẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Nígbà tí oòrùn fi yí sẹ́yìn, Ìgbín pe bàbá.

"Amọ̀ tó ń wú ni, sà. Tómi bá kàn án, á wú. Tó bá gbẹ, á sún kì. Omi balùwẹ̀ ló ń ṣàn sí igun yìí. Páìpù náà rèé."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, ó wo páìpù náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rì í síbẹ̀. Ó bọ́ fìlà.

"Ọgbọ̀n ọdún," ló sọ. "Mi ò béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ rí." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó lè wo ojú mi kó sọ pé òun ò mọ̀, kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti yọ̀ǹda." Ó gun òkè, ó wọlé lọ.

Ọmọbìnrin náà dúró. Ìgbín ń gé páìpù.

"Bàbá mi ti sọ̀rọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ darí omi yìí gba ibòmíì."

"Ìgbín! Ṣé wàá fẹ́ mi ni àbí o ò ní fẹ́ mi?"

Ó gbójú sókè, ẹnu yà á. "Màá fẹ́ ọ. Ó ti pẹ́. Mo rò pé o mọ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ìgbà wo lo sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́ báyìí, olólùfẹ́ mi. Ṣé kí n tún un sọ?"

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Inú ń bí ọmọbìnrin náà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó kó ìbínú àti ayọ̀ náà pọ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò lọ bá a di orí kejì páìpù náà mú.