Ọkọ̀ Ìkọ̀gọ̀sì Tí Kò Dé Pleasure

Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé àwọn tó sanwó ìrìn-àjò ìsinmi lọ sí etí omi Ìkọ̀gọ̀sì kò wá. Láti ìdájí ni wọ́n ti kóra jọ sí bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure, tàwọn ti báàgì, wọ́n múra bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ọkùnrin kan tiẹ̀ gbé rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́rùn; ilé ló ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó má baà fi àkókò ṣòfò tó bá dé etí omi. Oòrùn yọ, ó mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lórí. Kò sí ọkọ̀, kò sì sí Gbóyèga tó gba owó ọkọ̀.

Mọ̀dínátù, ọ̀kan nínú wọn, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì Gbóyèga, lókè ilé oníkẹ́míìsì. Agádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Pátákó tí wọ́n kọ “Ìsinmi Ayọ̀” sí ti lọ, ihò ìṣó ló kù lára ògiri. Ó pe fóònù Gbóyèga, fóònù ti kú. Ó padà wá jókòó lórí báàgì rẹ̀, kò sunkún, kò ṣépè. Àwọn yòókù ló ń ṣépè.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn ún, nítorí kì í ṣe owó nìkan. Irun ni Mọ̀dínátù ń dì ní Akowonjo. Ọkọ rẹ̀, Jàfárù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kápẹ́ńtà ni, àga ló ń kàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ Èkó, ọkùnrin yìí kì í ti ṣọ́ọ̀bù àfi ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ tí wọ́n bá ń sìnkú. “Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, kó sùn,” ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Àfìgbà tí oorun gbé e lọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tí ayùn bọ́ sí i lọ́wọ́, díẹ̀ báyìí ló kù kí àtàǹpàkò rẹ̀ já. Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba Mọ̀dínátù. Ó ní àfi kí àwọn lọ sinmi níbì kan tí kò sí pákó.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bó ṣe ń di irun ló ń ṣírò, tó ń kà á síta kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó kángun sí i: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ẹnu ọ̀nà, owó oògùn tí ara ẹnìkan ò bá yá, owó búrẹ́dì tí wọ́n máa rà bọ̀, torí a kì í tàjò dé ká na ọwọ́ òfo sí ará ilé. Gbogbo rẹ̀ di ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà. Wọn ò ní in. Ibẹ̀ ni Gbóyèga ti wọlé dé, ẹnu dídùn bí oyin, ó ní òun á gbé àwọn méjèèjì lọ ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

“Búrẹ́dì ńkọ́?” Mọ̀dínátù bi í.

“Ó wà níbẹ̀, Mọ́mì. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Ọjà tó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ yí i wò lẹ́yìn, jàre. Mọ̀dínátù ò yí i wò. Inú owó pákó ni Jàfárù ti mú ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náà fún un. Ó ní, “Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí eléyìí bá bàjẹ́, má dárúkọ ìsinmi létí mi mọ́ títí wọ́n á fi sin mí.” Ọ̀rọ̀ náà ló jókòó tì í lórí báàgì yẹn ní Pleasure, tí ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan. Ó sàn kó bú u.

Wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ tó gbà wọ́n, Sàlàkọ́ lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè.

“Ta ló rí i gbẹ̀yìn?”

“Èmi ni, sà.” Esther ló dáhùn, tẹ́lọ̀ tó ń rán aṣọ funfun fáwọn ará Aládùúrà, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Mọ̀dínátù. “Ìrọ̀lẹ́ àná ni. Ó ní kí n má gbàgbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́.”

“Ibo ló ń gbé?”

“Ẹgbẹ́dá.”

Wọ́n dé Ẹgbẹ́dá. Onílé ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹní kan ló wà nílẹ̀ àti kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ya òkun sí. Ẹnìkan nínú wọn ká ọwọ́ lérí, ó ní, “Á ti kọjá bọ́dà. Á ti dé Kùtọnu báyìí.”

Jàfárù tí kò lanu láti àárọ̀ wúkọ́. “Kò lọ síbì kankan.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Sàlàkọ́ yíjú sí i.

“Owó tó gbà ni, Ọ̀gá. Ìyàwó mi ṣírò ìrìn-àjò yìí létí mi. Owó yàrá nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn gbà. Olè tó bá mọ iye tí nǹkan jẹ́, á gbowó gidi, àbí kí ló ń fi sílẹ̀ fún? Eléyìí ò mọ̀ ọ́n. Kò rìnrìn-àjò rí láyé ẹ̀. Irú mi ni, mo mọ irú wa. Tí wọ́n bá lé èmi lónìí, mi ò lè sá kọjá ilé ẹ̀gbọ́n mi.”

Mọ̀dínátù gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń ṣírò yẹn, òòlù ló rò pé ó ń dá òun lóhùn. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń gbọ́.

“Ó ní ẹ̀gbọ́n?” ni Sàlàkọ́ bi wọ́n.

Esther pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ó ní, sà. Ó bi mí nígbà kan níbi tí mo ti ń ra búlúù ìfọṣọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń fọ aṣọ funfun fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀gùn.”

Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn nígbà òjò, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọ̀kadà mẹ́ta ni wọ́n gùn láti Ìkọ̀tùn: Sàlàkọ́ lórí ọ̀kan, tọkọtaya lórí ìkejì, Esther lórí ìkẹta. Ẹrọ̀fọ̀ fọ́n sí wọn lára dé eyín. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí páìpù epo ti gbiná pa èèyàn lọ́jọ́sí, àwọn ọlọ́kadà dẹwọ́ eré, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bi léèrè alágbàfọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe ilé Tòún, ẹ̀gbọ́n Gbóyèga. Ó ní kí wọ́n máa wo aṣọ funfun lókè.

Òótọ́ ni. Aṣọ funfun kún àgbàlá náà látìhín dọ́hùn-ún. Tòún wà nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Àwo ẹ̀bà kan wà lórí àpótí, ooru ṣì ń rú lára rẹ̀.

“Ó dà?” ni Sàlàkọ́ wí.

“Ta ni?”

“Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà yìí.”

“Èmi ni mò ń jẹ ẹ́.”

“Na ọwọ́ rẹ.” Tòún na ọwọ́. Ọṣẹ kún un dé ìgúnpá. “Ọṣẹ lo fi ń jẹ ẹ̀bà?”

Tòún ki ọwọ́ padà sínú omi.

“Màá bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí o bá purọ́, ìwọ àti òun lẹ jọ máa sùn lẹ́yìn káńtà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá lónìí.”

Jàfárù ti rí ohun tó ń wá ní tirẹ̀. Ó nawọ́ sí okùn tó wà létí ògiri. Aṣọ kan ti kúrò níbẹ̀, pẹ́ẹ̀gì tó mú un dání ṣì ń mì. Lẹ́yìn ògiri náà, agogo ń dún, orin ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré yípo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Sàlàkọ́ wo inú ilé. Funfun ni ó rí lọ́tùn-ún, funfun lósì, funfun níwájú. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Jàfárù ti bọ́ tirẹ̀ ná. Ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, bàtà bíbọ́ kò ṣe tuntun sí i.

“Ta la fẹ́ mú nínú gbogbo eléyìí?” ni Sàlàkọ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ẹ ní sùúrù, sà,” ni Esther wí. “Ó lè má mọ ohun tó wọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Bàtà bíbọ́, Gbóyèga mọ ìyẹn. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní gbogbo Alimọ́ṣọ́? Àmùrè ni kò mọ̀. Nínú ìjọ aláṣọ funfun, àmùrè tó wà nídìí èèyàn ló ń sọ ipò rẹ̀, bí àmì èjìká ṣe ń sọ ti ọlọ́pàá. Aṣọ tí ọmọkùnrin yìí já lórí okùn, ti àgbà oníwàásù kan ni, àmùrè aláwọ̀ wúrà fífẹ̀ bàǹtà-banta ló wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ rọra fara pamọ́ sẹ́yìn, àwọn tó ń tọ́jú èrò ti yí i ká, wọ́n ń wólẹ̀ fún un. “Bàbá, ẹ̀yìn kọ́ ni ààyè yín.” Wọ́n mú un lọ síwájú. Wọ́n gbé àga ńlá fún un. Kó tó fìdí lélẹ̀, wọ́n ti ki máìkì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ gbàdúrà fún wa, Bàbá.”

Gbóyèga gbé máìkì sẹ́nu. “Alelúyà.”

“Alelúyà!” gbogbo ìjọ dáhùn.

Ibi tí ó mọ̀ nínú àdúrà nìyẹn, ó tán. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, òógùn bò ó. Ẹnu tó ti mọ́ lára ló wá gbà á sílẹ̀. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ yín. Mo rí i lójú yín. Ó yẹ kí ẹ sinmi.”

“Àmín.”

“Ìsinmi tí kò ní wọ́n yín. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta gbáko.”

“Àmín.”

“Níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí ẹ ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́...” Àmín ti ń dínkù. Àwọn èèyàn ti ń wo ara wọn.

“Òun nìyẹn,” ni Esther wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀rọ̀ tó fi gbowó lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò yọ ẹyọ kan.”

Sàlàkọ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ síwájú, ó tẹríba fún olùṣọ́ ìjọ, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Olùṣọ́ yíjú sí àmùrè náà, ó wo ojú ẹni tó dì í, ó sì yẹ̀ fún ọlọ́pàá. Gbóyèga fẹ́ sá. Jàfárù ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ kápẹ́ńtà, tó bá di èèyàn mú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rántí ni pé máìkì ṣì wà ní títàn lọ́wọ́ rẹ̀, sípíkà sì wà lórí òpó níta.

“Kí lorúkọ rẹ?”

“Gbóyèga, sà.” Gbogbo Ìjẹ̀gùn gbọ́ ọ.

“Ìkọ̀gọ̀sì, apá ibo ló wà?”

“Ó wà... lápá òkè lọ́hùn-ún.”

“O ti débẹ̀ rí?”

“Rárá, sà.”

“Ibo lo ti dé rí?”

Gbóyèga fi etí àmùrè nu òógùn ojú. “Ọ̀tà. Mo sì padà wálé lọ́jọ́ náà.”

Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bú níta. Tòún gbọ́ ọ nídìí ọpọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bojú.

“Owó àwọn èèyàn dà?”

“Ó wà lábẹ́ ibùsùn Tòún. Inú báàgì ìrìn-àjò tí mo rà ló wà. Èmi náà fẹ́ lọ síbẹ̀.”

“Níbo?”

“Ìkọ̀gọ̀sì, sà. Bí mo ṣe ń júwe ẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́, ó ń wù mí.”

“Kí ló dé tí o ò lọ?”

Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi. “Mi ò mọ iye tó máa ná mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ̀rù bà mí.”

Wọ́n bá owó náà níbi tó wí, àyàfi owó báàgì àti èyí tó ti jẹ. Lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí Gbóyèga ti sọ gbogbo rẹ̀ tán tó sì ti tọwọ́ bọ̀wé, Sàlàkọ́ ní kí wọ́n gba báàgì yẹn pẹ̀lú, kí wọ́n tà á pín. Ọlọ́rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọlọ́pàá sókè fún ayọ̀. Gbóyèga ń dúró de ilé-ẹjọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Mọ̀dínátù kó owó náà síwájú ọkọ rẹ̀. “Ẹ gbà, Bàbá Mubarakah. Ẹ fi ra pákó yín. Mi ò ní dárúkọ ìsinmi mọ́.”

Jàfárù ò fọwọ́ kàn án. “Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ní ẹ̀rù ba òun, ojú tì mí. Bí ẹni pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mọ̀dínátù, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ sinmi. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Bàbá mi ò sinmi lójú mi rí.”

Omi lé ròrò sójú Mọ̀dínátù. “Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ.”

Wọ́n tún un ṣírò, àwọn méjèèjì. Wọ́n sọ ọ́ di alẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọkọ̀ èrò ni àwọn máa wọ̀, mọ́ínmọ́ín ilé làwọn máa jẹ lọ́nà. Jàfárù ní kí wọ́n fi owó ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa wà ní títì kún un, ìyẹn náà ìnáwó ni. Wọ́n fi kún un. Wọ́n dúró dìgbà tí ohun tó wà lápò wọn tó o, wọ́n sì lọ.

Omi Ìkọ̀gọ̀sì rí bí wọ́n ṣe ń wí. Jàfárù ki ẹsẹ̀ kan bọ tútù, ó ki ìkejì bọ gbígbóná, ó di ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ yàrá, tí Mọ̀dínátù fi máa yíjú padà, ó ti dojú àga ilé onílé délẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ àga kan tó ti yẹ̀ wò, ó ń wá òkúta tó máa fi gbá a.

“Bàbá Mubarakah,” ni ìyàwó rẹ̀ pè é láti orí ibùsùn.

Jàfárù wò ó, ó wo àga. Ó gbé e dúró padà, ó sì jókòó lé e. Àga náà mì díẹ̀. Ó jẹ́ kó máa mì.